Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ara rẹ̀ tó yí padà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Wẹ́dà ni mí, ní Mákún, ní Ṣàgámù níbí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láyè díẹ̀, nítorí àwọn bàbá ẹlẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn ìyá. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ní kí òbí kọ́ ọmọ tó ń bàlágà nípa ara rẹ̀, àwa ọkùnrin a máa yára sọ pé, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Èmi kò rí ẹni tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ìyá àwọn ọmọ mi ti jáde láyé láti ìgbà tí àkọ́bí wa, tó jẹ́ obìnrin, wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkùnrin ló tẹ̀ lé e. Ẹnu tèmi ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa ara wọn, mo sì mọ̀ lónìí pé iṣẹ́ tí bàbá lè ṣe ni.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe ní ilé ìwé ọmọ mi ọkùnrin ní sáà tó kọjá ló sún mi kọ̀wé. Olùkọ́ báọ́lọ́jì ti ya àwòrán ilé-ọmọ sí ojú pátákó, ó ti ṣàlàyé bí nǹkan oṣù ṣe ń wá, ọmọ kan sì délé, ó bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè. Bàbá náà dìde láàárín ìpàdé, inú ń bí i, ó ní ìṣekúṣe ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ òun. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ìpàdé tú, mo lọ bá a níbi tó páàkì ọ̀kadà rẹ̀ sí. Mo kí i dáadáa, nítorí ó jù mí lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá dá ọmọ náà lóhùn nígbà tó béèrè?" Ó ní òun lé e dìde níwájú òun ni. Ó ní, "Tó bá tó àkókò, á mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀."

Á mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ibi tó ti máa mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ṣọ́ọ̀bù mi wà lára irú ibẹ̀.

Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Adamu Adamu, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn òbí àti àwọn ilé ìjọsìn. Ọ̀pọ̀ òbí ni inú wọn dùn sí i, wọ́n ní ó káre. Ó dára. A ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olùkọ́. Ṣé a ń ṣe é? Kí olúkúlùkù bàbá tó ń ka lẹ́tà yìí ro ó dáadáa, kó rántí ọjọ́ tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń jẹ́ nígbà tí bàbá wọn bá mú wọn wá bá mi. A ó kọ ìwé àdéhùn, a ó pín obì, a ó ṣàdúrà, bàbá á ní, "Ọ̀gá, mo fà á lé yín lọ́wọ́, ọmọ yín ni." Wọn á sọ fún mi pé ọmọ náà kì í tètè jí, pé ikọ́ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà ọyẹ́, pé kí n má jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ burúkú rìn. Kò tíì sí bàbá kan tó sọ fún mi rí pé, "Mo ti bá a sọ̀rọ̀ nípa obìnrin." Bí iná bá wá lọ, tí a kò sì tíì rí owó epo jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ á jókòó sórí páìpù, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Èmi á wà lẹ́yìn géètì tí mò ń kùn lọ́dà, wọn á rò pé n kò gbọ́.

Wọ́n ní ọmọbìnrin kì í lóyún lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ bá ọkùnrin lò pọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ìdúró ni wọ́n wà, tàbí tó bá yára lọ tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jáde. Wọ́n ní omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún máa ń fọ oyún dànù. Wọ́n ní ọmọkùnrin tí kò bá tètè bẹ̀rẹ̀, nǹkan rẹ̀ á kú, tàbí kí àtọ̀ gun orí, kó di irorẹ́ sí i lójú. Wọ́n ní ẹni tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, kò lè ní kòkòrò éèdì. Èyí tó dùn mí wọra jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ọ̀kan nínú wọn ní òun ti rí i tí wọ́n fi tan ọmọbìnrin: pé inú tó ń run ún nígbà nǹkan oṣù kò ní dẹwọ́ àfi tó bá mọ ọkùnrin.

Ta ló kọ́ wọn? Ẹni tó fi ọdún méjì jù wọ́n lọ. Ta ló kọ́ ìyẹn? Fóònù, àti àwọn fíìmù ìhòòhò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ilé ìwé tí bàbá ọlọ́kadà yẹn ń rán ọmọ rẹ̀ lọ nìyẹn, kò sì sí ìpàdé òbí níbẹ̀.

Irọ́ pátápátá ni gbogbo rẹ̀, mo sì máa ń dìde láti ẹ̀yìn géètì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ihò tí obìnrin fi ń tọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà lọ sí ilé-ọmọ, nítorí náà ìtọ̀ kò lè fọ nǹkan kan. Ìdúró kò dí oyún lọ́wọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Omi iyọ̀ àti káún, ikùn tí oúnjẹ ń lọ ni wọ́n ń lọ, ohun tí ọmọ ń fi wọ́n ṣe kò ju pé ó ń pa ara rẹ̀ lára lọ. Ọmọkùnrin tí kò bá obìnrin lò pọ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ẹni tó ní kòkòrò HIV lè lo ọ̀pọ̀ ọdún tí ara rẹ̀ yóò máa dán, àyẹ̀wò nìkan ló lè fi hàn. Inú rírun nígbà nǹkan oṣù, ilé-ọmọ ló ń fún ara rẹ̀ láti lé ẹ̀jẹ̀ jáde. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé abẹ́ ìdodo, máa ń dẹ̀ ẹ́, oògùn ìrora sì wà. Bó bá le débi pé ọmọ kò lè lọ sí ilé ìwé, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ọkùnrin nínú ìwòsàn rẹ̀.

Àwọn ọmọ méjì kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn ni ọmọkùnrin náà ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ń bá ìyá rẹ̀ kiri ìrẹsì àti ẹ̀wà ládùúgbò wa bó bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún làwọn méjèèjì. Nígbà tó fẹ́ra kù, tí àwọn ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní kí èmi náà wá, nítorí mo wà lára àgbà ẹgbẹ́ wa. Ẹkún ni ọmọkùnrin náà ń sun. Ó ní, "Bàbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nǹkan oṣù ẹ̀ ni. Wọ́n ní kò lè dúró." Mo kọjú sí bàbá rẹ̀, mo bi í pé kí ló ti sọ fún ọmọ yìí rí nípa ọ̀rọ̀ báyìí. Ó ní, "Mo sọ fún un pé kó má sún mọ́ obìnrin." Mo bi ìyá ọmọbìnrin náà. Ó ní, "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù ni mo ti kìlọ̀ fún un. Mo ní bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó lóyún nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn, "bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ẹ́, o lóyún," kò sí ilé ní Rẹ́mọ àti ní Ìjẹ̀bú tí wọn kò ti sọ ọ́. Ìyá ìyá wa sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú ìyá sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ọmọ náà lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó fọwọ́ kàn án níbi tí wọ́n ti ń du bírò. Ó délé, kò sùn. Ó dúró de oyún, oyún kò wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e, nǹkan oṣù rẹ̀ wá bó ṣe yẹ. Kí lọmọ náà mọ̀ báyìí? Ó mọ̀ pé ìyá òun purọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìyá bá sọ òótọ́ ọgọ́rùn-ún, ọmọ kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Ó ti di ti ọmọ tó jókòó sórí páìpù láti máa sọ fún un.

Ọmọbìnrin náà kò padà sí ilé ìwé, SS1 ló dúró sí. Ọmọkùnrin náà ti fi Ṣàgámù sílẹ̀, iṣẹ́ kò parí, kò sì gba fúríídọ́ọ̀mù. Ọmọ wọn ti ń sáré kiri ní ojúlé ìyá ìyá rẹ̀ báyìí, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn méjèèjì kò mọ̀, èmi náà kì bá tí mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe ti nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ibùdó ìlera ìjọba ládùúgbò wa. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí mo rí i pé àyà rẹ̀ ti ń yọ, mo lọ bá a. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kọ́ mi, kí n lè kọ́ ọmọ mi." Ó fa àga fún mi. Ó fi bírò ya ilé-ọmọ sí ẹ̀yìn káàdì kan, ó ya ilé ẹyin méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pé ọmú sábà máa ń fi bí ọdún méjì ṣáájú, nítorí náà bí bàbá bá ti rí ọmú, kó má dúró mọ́.

Ó ní ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá kí nǹkan oṣù tó kàn tó dé. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Àmọ́ àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin bàbá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan oṣù, oṣù rẹ̀ kò tíì jókòó. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí, kó jẹ́ ọjọ́ márùndínláàádọ́ta nígbà mìíràn. Bí ẹyin bá wá tètè jáde, àtọ̀ tó wọlé lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù parí lè wà níbẹ̀ tí yóò bá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọlọ́jà nìyẹn. Kò sí ọmọ kankan tó lè ka ọjọ́ kó sì fọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín pé òun mọ ọjọ́ tí kò léwu, ẹ sọ fún ọmọ náà kó sá fún un.

Mo padà sílé, mo wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́. Mo ti rí i pé bí bàbá bá pe ọmọ jókòó níwájú rẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ̀rù á ba ọmọ, ojú á ti bàbá, ọ̀rọ̀ á sì gé. Ó rọrùn bí ọwọ́ bá ń ṣe nǹkan. Ọjọ́ Sátidé kan, a wà lẹ́yìn ilé, à ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, mo ní, "Ṣé o rí i pé àyà ẹ ti ń yọ? Ara ẹ ló ń dàgbà. Láìpẹ́, o máa rí ẹ̀jẹ̀ níbi abẹ́ ẹ. Kì í ṣe ọgbẹ́, kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe pé o ṣẹ̀. Ilé-ọmọ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ pèsè àyè sílẹ̀ lóṣooṣù, bí oyún kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ yẹn á jáde. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ọkùnrin bá ki nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ bọ̀ ọ́ lábẹ́, o lè lóyún. Kì í ṣe ìfọwọ́kàn, kì í ṣe ìjókòó pa pọ̀." Kò gbé ojú sókè, àmọ́ ó ń gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Dádì, ṣé ó máa ń dunni?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń béèrè, mo sì ń dáhùn. Èyí tí n kò bá mọ̀, mo máa ń ní, "Jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì."

Mo ra pádì sílẹ̀. Obìnrin tó tà á fún mi wò mí láti òkè délẹ̀, mo san owó mi, mo gbà á. Mo fi pátá tuntun kan kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kó fọwọ́ ṣáájú, kó fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó fi bébà wé èyí tó ti lò, kó má jù ú sínú ṣalángá. Owó pádì ti gun òkè lọ́jà, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń lo aṣọ. Aṣọ kò burú bó bá mọ́: ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sínú oòrùn, kí wọ́n má fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú. Èyí tó kù, bíi kọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì àti bí a ṣe ń wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kọ́ ọ. Bàbá kò ní láti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ọmọ mọ̀ pé nílé bàbá òun, ó ṣeé sọ.

Ilé ìwé ni nǹkan oṣù ti wá bá a. Pádì wà nínú báàgì rẹ̀. Ó lọ bá olùkọ́ obìnrin kan, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó padà sí kíláàsì. Nígbà tó délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi kúrò nítòsí, ó ní, "Dádì, ó ti dé o." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ wẹ́dà mi àkọ́kọ́ lọ.

Ti ọmọkùnrin, ọ̀pọ̀ bàbá kò tilẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ láti sọ. Ọmọkùnrin ti ń bàlágà, ohùn rẹ̀ ti ń ki, irun ti ń hù lábíyá rẹ̀, ó wá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, aṣọ rẹ̀ tutù. Kí ló máa rò? Mo mọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé lọ síbi tí wọ́n ti gbààwẹ̀ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ìyàwó ọ̀run ló ń bá a sùn. Ara ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń ṣe bí ara ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni! Mo sọ fún tèmi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ní, "Bí o bá jí tí o rí i, kì í ṣe ìtọ̀, kì í ṣe ẹ̀mí èṣù. Wẹ̀, kí o fọ aṣọ ẹ. Àmọ́ kí o mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, ìwọ náà lè fún ọmọ ẹlòmíràn lóyún." Mùsùlùmí ni wá. Ní ilé kéú, ọmọdé ni mí tí àáfà ti kọ́ wa pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ séèyàn lójú oorun, ìwẹ̀ jánábà di dandan kó tó lè kírun, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé wọn kì í kírun nígbà nǹkan oṣù. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìṣekúṣe. Ẹni tó bá wá ní ẹ̀sìn kọ̀ ọ́, kó lọ bi àáfà rẹ̀ léèrè dáadáa.

Mo tún sọ fún un pé bí ọmọbìnrin bá ní òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí, kó má máa bẹ̀ ẹ́ títí, kó má fi agbára mú un, kó má fi ẹ̀bùn tàn án. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti gbà, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni. Ẹni tó bá bá a lò pọ̀ ti dẹ́ṣẹ̀, kódà kó ní ọmọ náà gbà fún òun, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn náà kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí gan-an. Níbi ìkóríta ńlá tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní ti yà, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ń kiri omi inú ọ̀rá àti gúgúrú láàárín àwọn tírélà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò dìgbà tí àjèjì bá dé, nítorí ẹni tí ọmọ mọ̀ ló sábà ń fipá bá a lò pọ̀: ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ dádì, alájọgbé, olùkọ́ lẹ́sìnnì. Ọmọ tí a kò tíì sọ fún rí pé ibi tí pátá bò, tirẹ̀ nìkan ni, kò ní ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́ fún wa. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ má parí rẹ̀ nílé. Ẹ má wẹ ọmọ náà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin, oògùn wà tó lè dènà kòkòrò HIV, òmíràn wà tó lè dènà oyún, bó bá sì ṣe yá tó ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ ti pa oògùn kòkòrò HIV náà dànù. Ìtìjú ẹbí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

Irú ìpalọ́lọ́ yìí kan náà ló ń pa àwọn tó lóyún tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ọmọ tó bẹ̀rù bàbá rẹ̀ ju ikú lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ló máa sá lọ ní òru. Àwọn kan kò padà dé. Àwọn kan padà dé, wọn kò sì lè bímọ mọ́.

Ẹ rántí abẹ́rẹ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, èyí tó ń dènà kòkòrò HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Ẹ ó rántí pé àwọn òbí kan fi ọmọ pa mọ́ sílé, wọ́n ní yóò sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni. Ọmọ mi gbà á. Bí tiyín bá ṣì wà láàárín ọdún yẹn, ẹ béèrè rẹ̀ ní ibùdó ìlera.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní bí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, yóò fẹ́ dán an wò. Àjọ UNESCO, tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lágbàáyé, ti kó ìwádìí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí i pé kíkọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kó tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Èmi kò tilẹ̀ nílò ìyẹn. Iná mànàmáná ń pa èèyàn, mo ti rí i lójú mi. Mi ò torí pé ó ń pa èèyàn kí n máa fi pa mọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kó tó di irin kankan mú, mo ti fi wáyà tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn hàn án, mo sì sọ ìdí fún un. Ọmọ bíbí inú wa ńkọ́?

Ní tèmi, mo ti fi kún àdéhùn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tó bá mú ọmọ wá, mo máa ń bi í lójú ọmọ náà pé ṣé ó ti bá a sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ní rárá, a ó mú ọjọ́ kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn kan bínú, wọ́n mú ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Àwọn kan jókòó, ojú ń tì wọ́n, àmọ́ wọ́n gbọ́, mo sì rí i tí bàbá kan di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú nígbà tí a parí.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín rèé, Olóòtú. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò ní lọ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì bí mo ṣe lọ. Àmọ́ wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín ní ìdí ayò, ní gáréèjì, lábẹ́ igi. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí òbí lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà dá wọn lóhùn ní Yorùbá tó yé ènìyàn, láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni hàn. Mo ti bá nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi sọ ọ́, ó ní òun ṣe tán, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ọlọ́kadà ọjọ́ yẹn ló ti wá. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá òun ṣe ilẹ̀kùn onírin. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, kò lọ, ó dúró, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí, gbólóhùn wo ni mo tilẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ tèmi fún un, àmọ́ mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà dá a lóhùn lójú ìwé yín, kí àwọn tó kù lè kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde, nítorí àwọn ọmọ mi. Ó wà pẹ̀lú yín nínú àpò ìwé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá wẹ́dà kan,
Mákún, Ṣàgámù, Ìpínlẹ̀ Ògùn.